Bí Mo Ṣe Gba Àwọ́ọ̀dù fún Ìyá Ìbejì Níbi Iṣẹ́ Wa, àti Ohun Tí Ó Ná Mi

Dọ́là 94 ni mo san ní owó ìkánjú fún ọkùnrin tó fín orúkọ sára àwọ́ọ̀dù kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Àpò ara mi lowó náà ti jáde, wọn kò sì ní dá a padà. Kì í ṣe owó náà ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé kan ṣoṣo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lórí tábìlì àwọn ọ̀gá, nígbà tí ẹni tí a fẹ́ dá lọ́lá wà nísàlẹ̀ ilé kan náà, tó ń to lẹ́tà, tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń jà nítorí òun.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni mí, ní ìlú Baltimore, ó ti lé ní ọdún 14. Lọ́dọọdún, bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a máa ń ṣe ìkówójọ àánú tí wọ́n ń pè ní Combined Federal Campaign, CFC lẹ́nu gbogbo wa. Ọdún 1961, nígbà ìjọba John F. Kennedy, ni gbòǹgbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ńṣe ni ẹgbẹ́ aláàánú kọ̀ọ̀kan ń wọ ọ́fíìsì ìjọba wá tọrọ lákòókò tirẹ̀, tòní kò tíì tán kí tọ̀la tó dé. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ìwọ á yan ẹgbẹ́ tó wù ọ́, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ wà nínú ìwé, ìjọba á sì máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ lára owó iṣẹ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la ń gbowó, ìgbà 26 lọ́dún. Ẹni tó ní kí wọ́n máa yọ dọ́là 5 péré ti dá dọ́là 130 kí ọdún tó yí po, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí wọ́n tún ti gbà kí èèyàn jẹ́jẹ̀ẹ́ wákàtí, kó lọ fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbogbo èyí dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jókòó ti tábìlì, kó ṣàlàyé fún àwọn èèyàn, kó rán wọn létí láìfòòró wọn. Keyworker ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn kì í san kọ́bọ̀ fún un lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìyá Ìbejì ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ibi tí wọ́n ti ń to lẹ́tà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á gbé tábìlì kékeré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, wọ́n á tẹ́ aṣọ àdìrẹ tiwọn lé e, wọ́n á jókòó. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni pé èló lo fẹ́ dá. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, "Ta ló ń wù ọ́ kó o ràn lọ́wọ́?" Bí onítọ̀hún bá ní àwọn ọmọ tó ní àrùn jẹjẹrẹ ni, wọ́n á ṣí ojú ewé rẹ̀. Bó bá ní àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, wọ́n á ṣí ìyẹn.

Bó bá wá di ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, ilé tí wọ́n ti ń kó oúnjẹ jọ fún aláìní ni ẹ ó ti bá wọn. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Agolo ẹ̀wà àti tòmátì ló kún inú páálí níwájú wọn. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á wo déètì ìdí rẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ọmọrí rẹ̀ bóyá ó ti wú, wọ́n á fọwọ́ yí etí rẹ̀ po. Èyí tí etí rẹ̀ bá ti tẹ̀, inú ìdọ̀tí ló ń lọ. Mo ní ṣé nítorí ìtẹ̀ kékeré yìí náà ni, mà? Wọ́n wò mí. "Ohun tí èmi ò lè fún àwọn ọmọ mi jẹ, mi ò ní fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ."

Ẹ wo irú èèyàn yìí, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún wọn lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà ayẹyẹ ìdúpẹ́, wọ́n pe àwọn ọ̀gá kan síwájú. Lára wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn míì wá sídìí tábìlì yẹn láàárín oṣù mẹ́ta, ìyẹn náà láti ya fọ́tò ni. Orúkọ Ìyá Ìbejì wà ní ìsàlẹ̀ ètò náà, lábẹ́ "àwọn mìíràn tó ṣèrànwọ́", wọ́n sì kọ ọ́ ní àkọtì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ẹni tí wọ́n pè. Ìyá Ìbejì ká bébà ètò náà sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ inú báàgì, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú mi ò dùn rárá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìkówójọ tuntun bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá ìgbìmọ̀ pé èmi ni kí wọ́n fún ní ètò ìdánilọ́lá.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àti oúnjẹ dí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ìkómọ rí mọ bí wọ́n ṣe ń to àga. Ọ̀rọ̀ ìwé ìdárúkọ ni kí ẹ gbọ́.

Kí owó ìjọba tó lè ra àwọ́ọ̀dù fún òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wa, ẹnì kan á kọ ìwé ohun tí onítọ̀hún ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ á buwọ́ lù ú, lọ́yà ilé iṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń fọwọ́ sí ìnáwó á wá fọwọ́ sí i. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan á ti tó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní ni mo fi í ránṣẹ́. Ọ̀gá Ìyá Ìbejì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kan náà, ó tiẹ̀ ní ó ti pẹ́ jù.

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí lọ́yà tó dá a padà. Mo ti fi ìdùnnú kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo èèyàn 41 tó wà ní àjà kejì ló dáwó láìku ẹnì kan, nítorí Ìyá Ìbejì. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n fà lé. Òfin CFC kò gbà kí a fi pé kí gbogbo èèyàn dáwó ṣe àfojúsùn. Kò gbà kí ọ̀gá bi ọmọ abẹ́ rẹ̀ bóyá ó dáwó tàbí kò dá, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí kò dá. Lọ́yà ní bí àwọ́ọ̀dù bá dá lórí gbólóhùn yẹn, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ àwọn èèyàn kí tirẹ̀ náà lè pé. Orí mi gbóná lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tó rọlẹ̀, mo rántí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa nílé, bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò tíì san owó ìdáwó síta lórí ìlà, bí ọmọ náà ṣe máa ń wo ilẹ̀. Lọ́yà ló jàre. Mo yọ gbólóhùn náà.

Ohun tí mi ò lè gbà fún un ni èyí: mo dá ìwé padà lọ́jọ́ kejì, ó tún gbà á ní ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì tún dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí, iye owó tí wọ́n kó jọ ní tábìlì Ìyá Ìbejì ni kò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Iye yẹn ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́! Ojú rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀ nígbà yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ká ní ó sọ méjèèjì pọ̀ ni, ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ì bá wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣé nǹkan míì tún wà tí kò tíì sọ. Ó kà á tán níwájú mi, ó ní kò sí mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kíkà náà gbà á.

Ìwé wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìnáwó. Ẹni náà ti lọ fún ìsinmi ọjọ́ méjìlá. Kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ dípò ara rẹ̀. Gbogbo ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́, èsì kan náà ni ẹ̀rọ ń fún mi, pé òun á dá mi lóhùn tí òun bá dé. Ìgbà mẹ́rin ni mo gun àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀ bóyá màá rí ẹnì kan tó lè ràn mí lọ́wọ́. Àga rẹ̀ ṣófo, ìwé mi sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì kò lè ṣí. Mo máa ń bọ̀ sísàlẹ̀, màá rí Ìyá Ìbejì níbi lẹ́tà wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tójú rẹ rí báyìí? Ṣé o ti jẹun?" Kí ni mo fẹ́ sọ?

Nígbà tí ìbuwọ́lù fi máa jáde, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ló kù sí ayẹyẹ. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fín orúkọ. Ó ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọkàn mi sì já. Orúkọ Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọlá, ṣ sì wà nínú orúkọ ọkọ wọn. Níbi tó yẹ kí ọ wà, àpótí kékeré kan tó ṣófo ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò jẹ lẹ́tà náà. Ṣ ti di s lásán. Ọkùnrin náà ní ẹ̀rọ òun kò mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, pé kí n jẹ́ kí òun kọ Ola kí ó tán síbẹ̀.

Mo ní rárá. Ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ orúkọ wọn ní àkọtì sórí bébà, wọn ò wí nǹkan. Ti ọdún yìí, idẹ ni. Bébà á gbó, idẹ kò ní gbó.

Mo jókòó sínú mọ́tò mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi bírò dúdú kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí bébà funfun, mo fi hàn án ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Ó ní òun lè fín àwọn lẹ́tà náà tuntun, kí òun wá fi irin kékeré lu àmì abẹ́ wọn lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n idẹ tuntun ni, iṣẹ́ òru sì ni. Dọ́là 94. Káàdì ilé iṣẹ́ kò lè san án, nítorí iye tí wọ́n buwọ́ lù ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi kún un á tún padà sórí tábìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fa káàdì tèmi yọ.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, a kò ka iye owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kà síta ni ìwé tí obìnrin tó ń darí ilé oúnjẹ yẹn kọ fún mi. Ọjọ́ tí mo béèrè rẹ̀ náà ló buwọ́ lù ú, kò fi falẹ̀ rárá. Sátidé 38 láàárín ọdún kan, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wákàtí 152. Mo tún ka ti agolo tó tẹ̀ létí. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Nígbà tí mo pe orúkọ wọn pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gan-an, Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni.

Wọ́n gba àwọ́ọ̀dù náà, wọn ò wo kámẹ́rà. Àtàǹpàkò kan náà tí wọ́n fi ń tẹ ọmọrí agolo ni wọ́n fi tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń dúró lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá sọ fún mi jẹ́ẹ́ pé, "Bí bàbá mi ṣe ń kọ ọ́ nìyí." Owó náà kò dùn mí mọ́ láti ìgbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ṣì ń dùn mí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín, ẹ má dúró di ìgbà tí ìkówójọ bá parí kí ẹ tó kọ ìwé. Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ kọ ọ́, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ti hàn nígbà yẹn. Ẹ má fi iye owó sí i, ẹ má sì ka iye ẹni tó dáwó. Ohun tí ọwọ́ ẹni náà ṣe ni kí ẹ kọ: ọjọ́ wo, wákàtí mélòó, níbo. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ibi tó ti ń fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó máa buwọ́ lù ú pé ta ló ń dúró fún un tó bá lọ fún ìsinmi. Èmi ò béèrè. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń fín orúkọ fi fọ́tò ránṣẹ́ kó tó fọwọ́ kan idẹ, pàápàá tó bá jẹ́ orúkọ tiwa ni.

Àwọ́ọ̀dù náà wà ní pálọ̀ Ìyá Ìbejì báyìí, láàárín fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege Táíwò àti ti Kẹ́hìndé. Mo ti ṣí ìwé tuntun fún ọdún yìí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wa ní alẹ́ ni, ó máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Mo ti ní kó kọ orúkọ rẹ̀ fún mi lọ́wọ́ ara rẹ̀.