Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ IT ní kíliníìkì fòníkú-fọ̀ladìde

Ọdọọdún ni àwọn ọmọ yunifásítì ń wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́) ní kíliníìkì fòníkú-fọ̀ladìde wa l'Ékòó. Orí wọn pé, wọ́n mọ̀wé. Àmọ́ àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, owó àwọn òbí wọn ló sì ń bá a lọ. Ó ti sú mi láti máa wò ó níran.

1. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe IT. Lẹ́tà SIWES (ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT) tí ilé ẹ̀kọ́ fún yín, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin kan tó ń ka báyókẹ́mísírì kó owó oúnjẹ rẹ̀ fún irú alágbàtà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. A gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ owó ti lọ.

2. Sátífíkéètì ọlọ́jọ́ méjì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ yín di agbaninímọ̀ràn lórí jẹ́nótáìpù (irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn jogún, bí AA, AS tàbí SS). Ẹ fi owó yẹn wọ ọkọ̀ wá síbi iṣẹ́.

3. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sínú logbook, ìwé tẹ́ ẹ ń kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe sí. Olùkọ́ yín máa kà á, òṣìṣẹ́ ITF, àjọ tó ń bójú tó SIWES, náà máa kà á.

4. Ẹ kí ìyá ọmọ kẹ́ ẹ tó béèrè káàdì.

Èyí tó ń dùn mí jù ló kàn. Ẹ ti ya àpótí onílé mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣírò jẹ́nótáìpù ọmọ (Punnett square) ní kíláàsì fún ọkọ tó jẹ́ AS àti ìyàwó tó jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó gba A lọ́dọ̀ òbí kan, tí wọ́n gba S lọ́dọ̀ òbí kejì. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sọ fún wọn pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan máa jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, tó sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀! Ìyá kan bí ọmọ SS. Akẹ́kọ̀ọ́ kan níbòmíràn sọ fún un pé èyí tó máa jẹ́ SS ti wá, kó fọkàn balẹ̀ bí mẹ́ta tó kù. Ó gbà á gbọ́, ó lóyún, ó tún bí SS. Nígbà tó jókòó síwájú mi, ohun tó ń bi mí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ń pè é ní ìyá àbíkú.

Oyún kan kì í mọ ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ mú wá. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 1 nínú 4 láti jẹ́ SS, ìdá 1 nínú 4 láti jẹ́ AA, ìdá 2 nínú 4 láti jẹ́ AS. Kọ́bọ̀ méjì ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀: mo kọ A sójú kan, S sójú kejì, mo fún ọkọ ní ọ̀kan, mo fún ìyàwó ní ọ̀kan, wọ́n á jọ jù ú. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jù ú títí wọ́n á fi rí i fúnra wọn pé SS lè jáde tẹ̀ léra, ó sì lè pẹ́ kó tó jáde rárá.

Ẹ má sì gbàgbé C, ohun mìíràn tí èèyàn lè jogún bíi A àti S. AS àti AC lè bí SC, fòníkú-fọ̀ladìde ni SC náà. Àrùn ojú tiẹ̀ wọ́pọ̀ lára wọn ju ti àwọn SS lọ.

Kẹ́ ẹ tó gba èsì gbọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí onítọ̀hún lára láìpẹ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lò tó 120 ọjọ́ nínú ara, torí náà SS tó gba ẹ̀jẹ̀ AA lè jáde bí AS. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má gbára lé àyẹ̀wò sickling (èyí tó ń wò bóyá sẹ́ẹ̀lì pupa ń tẹ̀ bíi dòjé) fún un.

Tí ọmọ bá jẹ́ SS, tí káàdì bàbá sọ pé AA, ẹ pa ẹnu yín dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ọ́ síta níwájú ìyàwó àti ìyá ọkọ pé kì í ṣe bàbá yìí ló lọmọ. A tún ẹ̀jẹ̀ bàbá yẹ̀ wò: AS ni. Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ló ṣì í. Kí èsì yẹn tó jáde, wọ́n ti kó ẹrù ìyàwó síta. Tí ohun tẹ́ ẹ rí kò bá bára mu, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá mi," kẹ́ ẹ sì pè mí.