Bí mo ṣe rídìí ariwo tó ń dún nínú Corolla onígáàsì

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lọ́dún 2023 ni àwọn onítakisí ti ń gbé mọ́tò wọn lọ ṣe gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì àdánidá tí wọ́n fún pọ̀ sínú silíńdà. N kò bá wọn wí, owó epo ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti fi nǹkan mìíràn kún, ariwo rẹ̀ lè má jọ èyí tí ọ̀gá wa kọ́ wa. Ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń tìtorí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn kankan nù.

Èyí tó dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn jẹ́ Corolla 2005, ẹ́ńjìnnì 1ZZ oní-lítà 1.8. Bàbá kan ló ń fi ṣe takisí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, jẹ́jẹ́ ló máa ń dún. Tó bá ti wá gbóná díẹ̀, ta-ta-ta-ta á bẹ̀rẹ̀." Mẹkáníìkì kan ti sọ fún un pé tápẹ́ẹ̀tì ni, irin tó ń ti fáàfù ẹ́ńjìnnì ṣí. Òmíràn ní bíárínì, irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí, ti jẹ, ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì, kí bàbá tètè lọ wá owó tòkunbọ̀.

Ariwo tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná ló ń yọjú, ọ́ìlì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: ó ti ṣàn jù, kò lè gbé bíárínì dúró mọ́. Nítorí náà ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó kún dé àmì, kò dà pọ̀ mọ́ omi, nígbà tí mo sì fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí irin tó ń dán nínú rẹ̀. Iná ọ́ìlì ń kú kíá tí mo bá ṣáná. Mo wá ń yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ariwo bíárínì tó ti jẹ máa ń lọ sílẹ̀ tí iná kò bá jó lórí písítìnì rẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, àmọ́ ta-ta-ta kò yí padà. Bíárínì bọ́ nínú ẹjọ́.

Ó ku tápẹ́ẹ̀tì. Kí n tó ṣí kọ́fà orí ẹ́ńjìnnì, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà ń wọlé ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan náà?" Ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Mo gbé sípánà sílẹ̀. Ọ́ìlì kì í gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹntiróò ni mọ́tò onígáàsì fi ń ṣáná. Ìgbà tí omi ẹ́ńjìnnì bá mú ridúsà, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù, gbóná tó, nǹkan bí 40°C lára ọ̀pọ̀ wọn, ni kọ̀ǹpútà gáàsì tó ń gbé e bọ́ sórí gáàsì. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìgbà tó gbóná, ìgbà tó bọ́ sórí gáàsì ni.

Mo wọlé, mo tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, ó padà sórí bẹntiróò. Ariwo dákẹ́. Mo tún un tẹ̀: ta-ta-ta. Bàbá tẹ orí bọ fèrèsé, ó ní, "Ẹ tún un tẹ̀ kí n gbọ́!"

Nọ́súlù gáàsì, ẹnu tó ń tu gáàsì sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń dún. Mẹ́rin ni wọ́n lórí irin kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí lẹ́ẹ̀kan tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí etí fi ń pè é ní tápẹ́ẹ̀tì. Gáàsì gba àyè ju bẹntiróò lọ, nọ́súlù rẹ̀ tóbi, ó sì gbọ́dọ̀ pariwo díẹ̀. Ti bàbá ló ti pọ̀ jù. Mo fi ìdí sùkúrù-díráífà gígùn sétí, mo gbé ẹnu rẹ̀ lé àwọn nọ́súlù: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Mo gbé e lé kọ́fà orí ẹ́ńjìnnì: ibẹ̀ ló ti ń dún jù. Àwọn tó ṣe gáàsì náà ti de irin nọ́súlù mọ́ bóòtì kọ́fà láìsí rọ́bà, ìka lásán ni mo sì fi yí ọ̀kan nínú àwọn bóòtì náà. Kọ́fà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ti di awọ ìlù.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo ti ojú silíńdà tó wà nínú bùútù, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lo gáàsì tó ṣẹ́ kù tán. Agbára gáàsì inú silíńdà tó kún lè tó 200 bar, kì í ṣe ohun eré. N kò fọwọ́ kan páìpù tó ti silíńdà wá sí ridúsà rárá. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ni ín. Mo gbé irin nọ́súlù kúrò lórí kọ́fà, mo fi rọ́bà tẹ́ ẹ nídìí, mo dè é mọ́ mánífóòdù, páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. N kò fa okùn rọ́bà tó ń gbé gáàsì jáde lára nọ́súlù gùn, nítorí okùn tó bá gùn ń mú kí gáàsì pẹ́ dé. Mo ṣí silíńdà padà, mo da ìfófò ọṣẹ sí gbogbo oríkèé, kò sí èyí tó hó. Ohùn tó kù kò ju ohun tó yẹ kó dún lọ.

Mo ní kí mọ́tò sùn sọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀, nígbà tó tutù dáadáa, mo ṣí kọ́fà láti wọn tápẹ́ẹ̀tì. Lórí 1ZZ, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní àlàfo 0.15 sí 0.25 mm, èyí tó ń lé èéfín jáde 0.25 sí 0.35. Ti afẹ́fẹ́ dára. Ti èéfín, méjì ti há dé 0.25. Gáàsì máa ń jó gbẹ, ó ń jẹ ìjókòó fáàfù, fáàfù á máa wọnú, àlàfo rẹ̀ á máa dí. Tápẹ́ẹ̀tì tó há kì í pariwo. Fáàfù tí kò bá pa dé mọ́ ló ń jó. Mo fi àwọn méjèèjì han bàbá, mo sì ní kó tètè gbé mọ́tò padà wá kí n pààrọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ìyẹn tápẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wọn, bí ẹ́ńjìnnì ò bá tiẹ̀ dún rárá.