Àwọn àṣìṣe tí ń fi owó ṣòfò níbi pípèsè oògùn onítànṣán

Nígbàkígbà tí mo bá wálé sí Kàbà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ka kẹ́mísírì, títí kan àwọn ará Mọ̀pà àti Ìsánlú, máa ń wá bi mí nípa iṣẹ́ pípèsè oògùn onítànṣán tí ń fi ibi tí àrùn jẹjẹrẹ fara pamọ́ sí han dókítà. Mo máa ń dá wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú pé owó tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń pàdánù kò ju orí àṣìṣe mélòó kan lọ.

Èkínní, ẹ má ṣe ra èròjà onítànṣán kí ẹ tó ṣírò àkókò tí yóò lò lójú ọ̀nà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110 ni fluorine-18, ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà, ń dín kù sí ìdajì. Bí ó bá lo wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà, ohun tí yóò kù kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ìgò oògùn technetium-99m, èròjà onítànṣán mìíràn, nítorí pé ọ́síjìn ń ba tin, mẹ́táàlì kan tó wà nínú ìgò náà, jẹ́, tin yìí kan náà ni ó sì ń mú kí technetium so mọ́ oògùn.

Èyí tí ó ń dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ irin. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni gallium-68, mẹ́táàlì onítànṣán kan, fi kọ̀ láti so mọ́ oògùn mi. Mo pààrọ̀ oògùn náà sí tuntun lówó gọbọi, kò yí nǹkan kan padà. Abẹ́rẹ́ onírin tí mo fi ń fa ásíìdì ni ó wà nídìí rẹ̀: ásíìdì ń jẹ abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, irin sì ń yọ́ wọ inú ìgò. Ọwọ́ tí oògùn fi ń di mẹ́táàlì mú dà bí àga kan ṣoṣo. Bí irin bá ti jókòó síbẹ̀, gallium kò ráyè mọ́. Gallium-68 tí ó ní agbára gigabecquerel kan (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìtànṣán ṣe pọ̀ tó) kò wúwo tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù, nítorí náà irin tí ojú kò lè rí ti pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ohun èlò oníke ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wá ásíìdì àti omi tí a ti yọ mẹ́táàlì kúrò nínú wọn. Omi inú ọ̀rá tí a ń tà lọ́jà, bó ti wù kí ó mọ́ lójú tó, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ má sì ṣe fo àyẹ̀wò ìkẹyìn nítorí pé àkókò ń lọ. Technetium tí kò so mọ́ oògùn yóò lọ kó ara jọ sí ẹṣẹ́ táíróìdì ní ọrùn àti sí àpòlúkù, dókítà yóò sì máa wo àwòrán tí kò sọ òtítọ́ nípa aláìsàn.