Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Ìyàtọ̀ Tí Ó Wà Níwájú Wa

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìyàtọ̀", ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ru ẹrù tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ rù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé tàbí kí ó kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ohun tí kò yí padà láàrin nǹkan méjèèjì, lẹ́yìn náà kí ó béèrè ohun tí ó yí ìyókù padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àtẹ ọlọ́jà. Ẹ bu gàrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ bu gàrí pupa sí èkejì. Ẹ̀gẹ́ ni méjèèjì. Kíkan tí ahọ́n ń tọ́ wò wá láti inú iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin lò nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Pípupa tí ojú ń rí, epo ni. Nítorí náà, irú gàrí méjì ni ẹ dì mú, kì í ṣe irú ẹ̀gẹ́ méjì.

Ti èdè gba sùúrù díẹ̀. Ẹ fi ìka di imú yín, kí ẹ sọ pé "lówó", lẹ́yìn náà kí ẹ sọ pé "nínú". Èkínní yóò jáde geere, èkejì yóò há. "Ní" kan náà ni ó wà nínú méjèèjì, nítorí pé "ní owó" ni ó di "lówó", tí "ní inú" sì di "nínú". Fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì yìí ni ó ń pinnu: bí fáwẹ̀lì bá gba imú jáde, "n" ni a ó gbọ́, bí ó bá gba ẹnu nìkan, "l" ni. (Lóòótọ́, a kì í kọ "n" sí ẹ̀yìn "ní", ṣùgbọ́n imú ni "i" ibẹ̀ ń gbà.) Irú èyí ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n bí ará Èkìtì bá pe ilé ní "ulé", fáwẹ̀lì kankan kọ́ ni ó fipá mú un; ibi tí ó ti wá ni, ẹ̀ka-èdè sì ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìmọ̀ ẹ̀dá, ẹ béèrè ohun tí a jogún. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ọ̀dọ̀ ìyípadà kékeré kan ṣoṣo wá, ní ipò kẹfà lórí okùn pùròtéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìdá kan láti jẹ́ AA, àti ìdá méjì láti jẹ́ AS. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n rò pé bí ọmọ àkọ́kọ́ bá jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé oyún kan kì í ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àjogúnbá ni mo máa ń pe èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oúnjẹ tàbí ìtọ́jú ni ó fà á.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, àrà ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹ mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀. Ìdajì aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni ìró náà sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ tẹ́ ìdajì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí òpó kan bá wọ́ ní apá kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ìyẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ aládìrẹ. Bí ó bá wọ́ bákan náà ní apá méjèèjì, ó mọ̀ọ́mọ̀ dá àrà ni.