Igi Óákù Àdàlù: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Fẹ́ Dá A Mọ̀ Yàtọ̀ sí Àwọn Òbí Rẹ̀

Orúkọ igi óákù kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka Bíbélì Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká mọ orúkọ, ọ̀tọ̀ ni ká mọ igi. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń gbé ní Britain àti Amẹ́ríkà ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan ń ṣa èso rẹ̀ láti gbìn, àwọn mìíràn ń gbé fọ́tò ewé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ewé ọ̀hún bá sì ti yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé, wọ́n á ní, “Àdàlù nìyí,” ìyẹn igi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà óákù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lóòótọ́ ni ẹ̀yà óákù máa ń gbara wọn, nítorí atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn kiri. Síbẹ̀, àdàlù ló yẹ kó jẹ́ ìdáhùn tí a ó mú wá kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ gbogbo ohun mìíràn wò.

Ẹ má ṣe wá ọmọ láìmọ àwọn òbí

Ẹ jẹ́ ká fi Britain ṣe àpẹẹrẹ, torí óákù méjì péré ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Quercus robur ni àkọ́kọ́, ó pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ilẹ̀ amọ̀ ní gúúsù àti ìlà-oòrùn. Quercus petraea ni èkejì, ó fẹ́ràn ilẹ̀ olókùúta tí omi kì í dúró sí, ó sì pọ̀ ní Wales àti ní àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn àti àríwá. Àdàlù àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ Quercus × rosacea; àmì × yẹn ló ń fi àdàlù hàn.

Ewé robur fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ́rùn. Ọ̀pá tó so ó mọ́ ẹ̀ka kì í sábà tó sẹ̀ǹtímítà kan, etí kékeré méjì sì wà ní ìdí ewé náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀pá ewé petraea gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ìdí ewé rẹ̀ sì rọra ń tín-ín-rín wọnú ọ̀pá náà láìní etí. Tó bá wá kan èso, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: èso robur ló ń rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn, èso petraea sì jókòó pẹ́kípẹ́kí mọ́ ẹ̀ka.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rántí pé ọ̀kan ní ọ̀pá gígùn, èkejì kò ní, ṣùgbọ́n wọn kò ní rántí bóyá ewé ni tàbí èso. Wọ́n á rí igi tí ọ̀pá ewé rẹ̀ kúrú, tí ọ̀pá èso rẹ̀ gùn, wọ́n á ní ó mú ọ̀kan lára bàbá, ó mú ọ̀kan lára ìyá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Robur pọ́ńbélé ni igi yẹn.

Ẹ má ṣe fi ewé kan dájọ́

Lára igi óákù kan ṣoṣo, ewé lè rí oríṣiríṣi. Èyí tó wà lábẹ́ òjìji máa ń fẹ̀, ìka rẹ̀, ìyẹn àwọn ibi tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé bí ìka ọwọ́, kì í sì í jinlẹ̀ bí ti èyí tí oòrùn ń pa. Èyí tó hù láti ara kùkùté tàbí láti ara ìtí igi lè tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó sì ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni ewé ẹlẹ́ẹ̀kejì: láàárín ìgbà ooru, nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, óákù máa ń rú ẹ̀ka tuntun, ewé orí rẹ̀ a sì pọ́n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìrísí ewé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti èyí tó yọ nígbà ìrúwé. Ẹni tó bá já a á rò pé òun rí ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti já ewé ni ẹ̀ka ìta tí oòrùn ń dé, ní àárín ẹ̀ka, kì í ṣe ní ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ já ewé bíi mẹ́wàá láti ara ẹ̀ka mélòó kan, kí ẹ tẹ́ wọn síra, kí ẹ wo ohun tó pọ̀ jù nínú wọn. Tí ẹ bá ń ṣa ewé àti èso nílẹ̀, ẹ rí i dájú pé igi yẹn gan-an ló já wọn sílẹ̀, kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ewé padà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé àwọn ènìyàn kì í ṣe é. Ẹ fi awò tí í mú nǹkan kékeré tóbi wo ẹ̀yìn ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ńlá àárín. Ní petraea, ẹ ó rí irun wínníwínní tó pín sí ẹ̀ka bí ìràwọ̀. Ẹ̀yìn ewé robur máa ń dán, tàbí kí irun ṣákálá díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò pín. Nínú gbogbo àmì, èyí ni mo gbọ́kàn lé jù. Áàpù orí fóònù tó ń wo fọ́tò iwájú ewé kan kò lè rí irun yìí, nítorí náà ẹ má ṣe gba ìdáhùn rẹ̀ bí ìdájọ́.

Ẹ̀yin ará Houston àti Atlanta, Quercus nigra ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lórí igi kan náà, ewé kan lè rí tóóró, òmíràn lè fẹ̀ lórí bí ṣíbí, òmíràn lè ní ìka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára igi tó ṣì kéré. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kò da ara pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe retí pé àdàlù gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Ọmọ óákù lè mú ewé ìyá, kí ó mú èso bàbá. Ó sì lè jọ ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn débi pé ojú lásán kò lè rí èkejì. Tí àdàlù bá tún gba lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, ọmọ-ọmọ á tún sún mọ́ òbí yẹn sí i. Nítorí náà, igi tó dà bí robur lè ní ẹ̀jẹ̀ petraea nínú, igi tó sì ṣe ségesège lè jẹ́ ẹ̀yà kan pọ́ńbélé. Ohun tó ń mú ìfura wá ni kí àmì púpọ̀ tí kò gbára lé ara wọn jọ tọ́ka síbì kan: ọ̀pá ewé, etí, irun ẹ̀yìn ewé, ọ̀pá èso, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ní àdúgbò tí òbí méjèèjì ti ń hù.

Àwọn onímọ̀ pàápàá ti bá irú ìṣòro yìí pàdé. Ní ilẹ̀ ìdílé Bartram, àwọn onímọ̀ ewéko kan, lẹ́bàá odò Schuylkill nítòsí Philadelphia ní Amẹ́ríkà, igi kan wà tí àwọn ewé rẹ̀ kò bára mu, àwọn kan gbọọrọ láìní ìka, àwọn kan ní eyín díẹ̀. Ní 1812, François André Michaux, onímọ̀ ewéko ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀yà tó dá dúró, ó sì pè é ní Quercus heterophylla. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ọmọ Quercus phellos àti Quercus rubra ni.

Ẹ má ṣe so àwọn tí kì í fẹ́ra pọ̀

Ní Amẹ́ríkà, agbo ńlá méjì ni óákù: óákù pupa àti óákù funfun. Ti pupa ní irun ṣóńṣó lẹ́nu ìka ewé, èso rẹ̀ sì sábà máa ń gba ọdún méjì kó tó gbó. Ẹnu ìka ti funfun kì í ní irun bẹ́ẹ̀, èso rẹ̀ a sì gbó lọ́dún náà. Àwọn méjèèjì kì í bímọ fúnra wọn. Tí ẹnìkan bá ní igi òun jẹ́ ọmọ Quercus alba, tó jẹ́ funfun, àti Quercus rubra, tó jẹ́ pupa, kí ó padà lọ wo igi náà dáadáa. Alba lè bá Quercus macrocarpa, óákù funfun mìíràn, bí Quercus × bebbiana, ó sì lè bá robur tó ti Yúróòpù wá, torí agbo kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ DNA àti ti orúkọ tí a kọ mọ́ igi

Àyẹ̀wò DNA, ìyẹn ohun ìjogún, inú chloroplast, apá kékeré inú ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni óákù ti ń jogún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni robur àti petraea inú igbó kan náà sábà máa ń ní irú kan náà, nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbara wọn. Àyẹ̀wò tó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ wo DNA tó wá láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti èso tí wọ́n ń ṣa nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí oríṣiríṣi óákù ti wà pọ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ mọ́ igi níbẹ̀ jẹ́ orúkọ ìyá. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá èso tó já sílẹ̀. Nígbà tó fi máa hàn pé igi náà kì í ṣe ohun tí a rò, ó ti dàgbà, ó ti ń fọ́n lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ sínú igbó àdúgbò. Tí ẹ bá fẹ́ robur gidi láti gbìn, inú igbó tí robur ti pọ̀ ni kí ẹ ti ṣa èso, láti abẹ́ igi púpọ̀. Kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣà á àti ọjọ́ tí ẹ ṣà á sára àpò. Bí ẹ bá sì wo igi kan títí tí kò yé yín, “robur tàbí petraea” ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó nígbà tí èso bá wà lórí rẹ̀.