Bí A Ṣe Ń Dán Ìjà àti Ìmọ́tótó Oyin Wò, Lẹ́ẹ̀rùn àti Lójò

Ilé oyin tó ń lé èèyàn kúrò lóko l'Ákùúrẹ́ lóṣù kẹsàn-án lè farabalẹ̀ lóṣù kejìlá, tí ewé Akíntọ́lá bá ń yọ òdòdó. Nítorí náà, kí ẹ tó yan ilé tí ẹ ó ti mú ìyá oyin tuntun, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán: lóṣù kejì tí kajú ń tanná, àti lóṣù kẹsàn-án tí òjò pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ọjọ́ lẹ dán wò, kì í ṣe oyin.

Ọ̀nà méjì tó tẹ̀lé yìí ni wọ́n ń lò ní Brazil fún oyin tó jẹ́ ìbátan tiwa. Ní 1956 ni wọ́n kó ìyá wọn débẹ̀ láti gúúsù Áfíríkà, àwọn kan sì sá wọ igbó ní 1957.

Ìjà la ó kọ́kọ́ dán wò, lọ́jọ́ tirẹ̀, láìṣí àpótí. Ẹ fi awọ dúdú rán bọ́ọ̀lù kékeré, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ ki òwú sínú rẹ̀, ẹ fi okùn so ó mọ́ ọ̀pá mítà 1. Ẹ wọ aṣọ oyin, kí ẹnì kejì fi fóònù ka àkókò, kí àwọn ọmọdé àti ewúrẹ́ sì jìnnà dáadáa. Láago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ máa fì bọ́ọ̀lù náà síwá sẹ́yìn níwájú ẹnu ilé, kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí i, fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹ kọ ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta á àti iye oró tó kù nínú awọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìn lọ, kí ẹ ka iye ìṣísẹ̀ títí wọn ó fi padà lẹ́yìn yín.

Ilé kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Oró oyin máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, òórùn yìí ló sì ń pe àwọn yòókù síjà. Bí ẹ bá mú bọ́ọ̀lù kan náà lọ sílé kejì, ogun ilé àkọ́kọ́ lẹ gbé lọ. Ẹ dáná sí ìkòkò èéfín fún ààbò, ṣùgbọ́n ẹ má fẹ́ ẹ sílé tí ẹ ò tíì dán wò, torí èéfín máa ń bo òórùn náà mọ́lẹ̀. Bó bá ta yín, ẹ fi èékánná ha oró náà kúrò kíákíá. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú, ilé ìwòsàn ni.

Ìmọ́tótó tún kù. Ẹ wá afárá tí ọmọ inú rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìdérí, tí ojú wọn ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí ara wọn ṣì funfun. Ẹ ṣí ọ̀kan tàbí méjì wò. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín gan-an gún àárín ìdérí 100, kó dé ara ọmọ oyin. Ẹ fi 100 mìíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìgún. Abẹ́rẹ́ tó nípọn yóò ya ìdérí, oyin á sì kó wọn jáde nítorí ihò náà nìkan. Afárá àpótí Kenya, tó so rọ̀ mọ́ igi òkè àpótí, kò ní férémù: ẹ má tẹ́ ẹ lélẹ̀ láé, yóò já, pàápàá nínú oòrùn oṣù kejì. Bó ṣe so rọ̀ ni kí ẹ gún un.

Ẹ dá afárá náà padà sílé. Lẹ́yìn wákàtí 24 gééré, ẹ ka ihò tó ti ṣófo. Bí 88 bá ṣófo nínú èyí tí ẹ gún, tí 3 sì ṣófo nínú èyí tí ẹ ò gún, 85 ni èsì yín. 80 sókè ló dára: irú oyin bẹ́ẹ̀ máa ń dín àrùn ọmọ oyin àti Varroa, kòkòrò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ ara oyin, kù.

Bí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan, ẹ yan ìmọ́tótó. A lè gbé àpótí oníjà wọ inú oko kòkó tó jìn sọ́nà. Ilé onídọ̀tí ò ní ibi tí a lè gbé e sí. Ilé tó bá sì bọ́ láti 90 lẹ́ẹ̀rùn sí 60 lójò, ẹ má tíì lé e. Ẹ wò ó bóyá oyin inú rẹ̀ ti dín kù tàbí oúnjẹ ti tán. Ẹ po ìwọ̀n ṣúgà kan mọ́ ìwọ̀n omi kan fún wọn, kí ẹ tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.