Bí A Ṣe Ń Kun Aláìsàn Lóorun Nígbà Tí Gẹ̀gẹ̀ Bá Ti Sọ Ọ̀nà Èémí Rẹ̀ Di Tóóró

Gẹ̀gẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́rùn lè tẹ ọ̀nà èémí títí yóò fi di tóóró. Kí dókítà tó fẹ́ kun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóorun fi sọ́kàn pé èémí tí ó ń mí fúnra rẹ̀ ló gbé e dé tíátà, a kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀nà mìíràn tó dájú.

Ẹ bi í bó ṣe ń sùn: ṣé ó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, àbí orí ìjókòó ló ń sùn mọ́jú? Bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn nílé ni kí ẹ gbé e sí ní tíátà. Bí èémí rẹ̀ bá ń fọn nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ibi tó há jù má ju mílímítà 4 sí 5 lọ, bẹ́ẹ̀ ti àgbàlagbà a máa tó 15. Àwòrán CT, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya inú ara, ni yóò fi hàn bí ibi híhá náà ṣe gùn tó àti bó ṣe lọ sísàlẹ̀ tó, ẹ sì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yan rọ́bà tí yóò gba ọ̀nà èémí wọlé.

Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun ní wọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fi ọ́síjìn sí i nímú, kí ẹ fi lidocaine kan imú àti ọ̀fun rẹ̀ títí ara ibẹ̀ yóò fi kú, láìju mílígíráàmù 9 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara tí a yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú rọ́bà wọlé nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá há jù, kámẹ́rà náà lè dí i pa bí ìdérí ìgò. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ó sàn kí oníṣẹ́ abẹ dá ihò sí ọ̀nà èémí lábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú kan ṣoṣo kú, bí gẹ̀gẹ̀ kò bá bo iwájú ọrùn, tí ibi híhá kò sì sí nísàlẹ̀ ihò náà. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, kí oníṣẹ́ abẹ ti wọ ìbọ̀wọ́, kó sì ti sàmì sí ọrùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí NAP4, lórí jàǹbá tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ọ̀nà èémí, tí wọ́n gbé jáde ní Bìrìtéènì ní 2011 fi hàn pé àìmúra sílẹ̀ fún ìkùnà wà lára ohun tó ń fa jàǹbá. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé carbon dioxide ń jáde láti inú rọ́bà ni kí ẹ tó kùn ún lóorun.

Ẹ má kánjú yọ rọ́bà. Ọ̀nà tí gẹ̀gẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún pípẹ́ lè rọ̀ kó sì pàdé, ẹ̀jẹ̀ sì lè gbárajọ sí ọrùn. Nítorí náà kó jí dáadáa kí ẹ tó yọ ọ́, kí ohun èlò tí a fi ń tú ojú rírán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.